Lẹ́yìn Tí Ètò Eré Ìdárayá Inú Ilé Bá Parí: Bí Ìdílé Ṣe Lè Di Okun Ara Mú Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tó fún wa ní ara, tó sì fi ìtọ́jú rẹ̀ lé wa lọ́wọ́.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ará Èkó jókòó sílé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló kọ́ bí a ṣe ń ṣe eré ìdárayá nínú yàrá. Ètò ọlọ́jọ́ 30 tàbí ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí èèyàn ń wò lórí fóònù kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní Máfolúkù, ní Èjìgbò àti ní àdúgbò Ìsọlọ̀. Ó rọ àwọn ìyá wa tó ń lo híjáàbù lọ́rùn, nítorí kò sí ojú àjèjì níbẹ̀, kò sì gba owó kankan.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ètò ti parí, ikùn ti fà díẹ̀, èèyàn ti lè gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní òun fẹ́ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́ta. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ará mọ̀ ni pé ètò ló parí, ìtọ́jú ara kò parí. Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a ó fi di okun ara mú kéré púpọ̀ sí iṣẹ́ tí a fi wá a.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ara tó ṣíwọ́?

Ara kì í tọ́jú ohun tí a kò lò. Bí èèyàn bá ṣíwọ́ pátápátá, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni agbára ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Agbára iṣan máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dínkù. Ìdí nìyí tí ẹni tó sinmi fún oṣù kan fi lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí èémí rẹ̀ kò ní tó mọ́ tó bá ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì.

Ọ̀rọ̀ náà ju ẹwà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ewu ikú tó wà lórí àwọn tí kì í lo ara wọn tó fi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tó ń lò ó tó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti rọpárọsẹ̀ wà lára ohun tí àìlo ara máa ń fà. Baálé ilé tó ń wa dánfó láti àárọ̀ dalẹ́ àti ìyá tó jókòó ti ọjà rẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kékeré wò ó. Tí rọpárọsẹ̀ bá dá bàbá dùbúlẹ̀, gbogbo ilé ló dá dùbúlẹ̀.

Ìdámẹ́ta lè tó

Ní ọdún 1981, Robert Hickson àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní Chicago, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Àwọn èèyàn kan sáré, wọ́n sì gun kẹ̀kẹ́, fún 40 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, àwọn kan dín in kù sí ọjọ́ mẹ́rin, àwọn mìíràn sí ọjọ́ méjì péré, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Agbára ọkàn wọn kò lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 1985, nígbà tí wọ́n fi ọjọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí wọ́n wá dín kíkan iṣẹ́ náà kù, agbára náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé a lè dín ọjọ́ kù, àmọ́ ká má dín bí ó ṣe le tó kù. Ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́sẹ̀ lè mú un wá sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, bí àwọn ìgbà náà bá ṣì ń mú un làágùn. Àwọn àgbàlagbà ní láti ṣe ju ti ọ̀dọ́ lọ díẹ̀, nítorí iṣan wọn máa ń tètè fà.

Òṣùwọ̀n tí a lè tẹ̀ lé

Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ lo ara rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, tàbí kó ṣe èyí tó le fún 75 sí 150 ìṣẹ́jú. Kó sì ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65 yóò fi ìdúró-ṣinṣin kún un ní ọjọ́ mẹ́ta, kó má baà máa ṣubú. Àwọn ọmọdé láti ọdún 5 sí 17 nílò 60 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí èyí fún àwọn ọmọ wa. Wọ́n jókòó ní ilé ìwé láti àárọ̀, wọ́n tún jókòó ní ilé kéú lọ́sàn-án, wọ́n dé ilé, wọ́n jókòó ti fóònù. Ẹ̀yin Ááfáà tí ẹ ń kọ́ wọn, ẹ fún wọn láyè láti sáré kí wọ́n tó padà sídìí wàláà.

Bí a ṣe lè ṣe é ní àdúgbò wa

Rírìn: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ibi tí kò jìnnà, ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ rìn ín kíákíá. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún ti pé 150. Ẹ gba inú àdúgbò tí mọ́tò kò pọ̀ sí, ẹ yẹra fún èéfín ojú títì, kí ẹ sì máa rìn ní méjìméjì bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ dáadáa.

Iṣan: kẹ́ẹ̀gì olómi lítà márùn-ún jẹ́ kílò márùn-ún. Ẹ gbé e dání, ẹ lóṣòó, ẹ dìde, ní ìgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi press-up kún un. Ẹni tí kò bá lè ṣe é nílẹ̀, kó fi ọwọ́ ti ògiri. Ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó gun àtẹ̀gùn dípò fífò, kí ará ìsàlẹ̀ lè sùn.

Àkókò: ìrun márùn-ún ti pín ọjọ́ fún wa. A ò kírun nítorí eré ìdárayá, ìjọsìn ni ìrun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so eré rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Àsùbáà tàbí ẹ̀yìn Alásàárì kò ní gbàgbé. Nínú ààwẹ̀ Rọmọdọ́ọ̀nù, ẹ ṣe é ní kété kí ẹ tó ṣínu tàbí lẹ́yìn ìṣínu, kí ẹ dín in kù, kí ẹ má sì jáwọ́.

Tọkọtaya: ìtàn wà nínú hádíísì pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyàwó rẹ̀ Àíṣà sáré ìje, ìyàwó sì gbégbá orókè. Nígbà tó yá, tí Àíṣà ti sanra, wọ́n tún sáré, Ànábì ló wá borí, ó sì fi ṣe àwàdà pé òun ti gbẹ̀san. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dá ìyàwó yín nìkan dá eré yìí.

Ẹni tó ti jáwọ́ ńkọ́?

Kó má sọ pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òun dé. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì, kó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí oyún, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyà bá ń dunni tàbí òòyì ń kọ́ni lẹ́nu eré, ká dúró lójú ẹsẹ̀, ká lọ sí ọsibítù.

Ànábì ti kọ́ wa pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a ń ṣe láìdáwọ́dúró, bó ti wù kó kéré mọ. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ títí ayé sàn ju ọgbọ̀n ọjọ́ tí a pa tì lọ. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ara líle tí a ó fi máa sìn Ín, tí a ó sì fi tọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.