Odò Thames, Ẹja Àbùùbùtán àti Epo Ilé Ìdáná Wa

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn. Bóyá ohun tí wọ́n ń retí ni ọ̀rọ̀ Odùduwà tàbí ogun Kírìjì. Ẹ forí jì mí. Ìtàn odò ìlú tí a wà yìí ni mo fẹ́ sọ, àti ti àwọn ẹ̀dá inú òkun tí odò náà ń ṣàn lọ bá, nítorí ọwọ́ àwa náà wà nínú rẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí. Ọ̀pọ̀ yín ti mú ọmọ lọ sí Horniman Museum ní Forest Hill, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó fi ẹ̀tọ́ ìní àwọn ohun ọnà Bìní 72 lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ẹranko òkun kan tí wọ́n ń pè ní walrus ni àwọn ọmọdé mọ ilé náà mọ́. Kánádà ni wọ́n ti pa á, wọ́n gbé awọ rẹ̀ wá sí London, wọ́n sì fi í hàn níbi àfihàn ńlá ọdún 1886. Awọ walrus a máa ṣẹ́ léra bí aṣọ tí a kò lọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ki nǹkan sínú rẹ̀ kò rí walrus ààyè rí. Wọ́n ki í, wọ́n ki í, títí ara rẹ̀ fi le gbandi bí ìlù tuntun. Àwọn ọmọ a máa fi í rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé ni mo rò ó pé ìlú ńlá kan ń jẹ èrè ẹranko tí kò tilẹ̀ mọ bó ti ń rí láàyè.

Ní Rotherhithe, tí kò jìnnà sí wa, èbúté kan wà tó ń jẹ́ Greenland Dock. Wọ́n parí gbígbẹ́ rẹ̀ ní 1699. Láti àwọn ọdún 1720 ni àwọn ọkọ̀ tó ń lọ pa ẹja àbùùbùtán ní òkun Greenland ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. (Ẹ̀yin ọmọ, a ń pè é ní ẹja, ṣùgbọ́n ẹranko ni, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.) Etí omi níbẹ̀ ni wọ́n ti ń se ọ̀rá rẹ̀ nínú ìkòkò ràgàjì kí epo lè jáde. Epo náà ni wọ́n fi ń tan fìtílà, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe ọṣẹ.

Nígbà tó yá, epo tiwa dé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo pupa láti Èkó àti àwọn èbúté mìíràn ní etí òkun wa ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àgbá-àgbá. Ilé iṣẹ́ Price's ní Battersea ń fi í ṣe àbẹ́là. Ì bá dùn mọ́ mi láti sọ pé epo wa ló gba àbùùbùtán là, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Pípa tí wọ́n pa wọ́n ní ọ̀rúndún ogún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ọdún 1982 ni International Whaling Commission ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò pé kí àwọn tó ń fi í ṣòwò dáwọ́ dúró, ìpinnu náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986.

Odò Thames fúnra rẹ̀ ńkọ́? Inú rẹ̀ ni ìgbẹ́ gbogbo ìlú ń ṣàn sí. Onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní ìgbà ooru ọdún 1858, òórùn odò náà le débi pé wọ́n ń fi oògùn rin aṣọ fèrèsé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí àwọn aṣòfin tó lè jókòó. Ìgbà tó kan imú wọn ni owó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Joseph Bazalgette gbẹ́ kòtò ẹ̀gbin sábẹ́ ìlú, ó sì darí ẹ̀gbin apá ọ̀dọ̀ wa lọ sí Crossness, lẹ́bàá Thamesmead tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń gbé lónìí. Wọ́n ṣí i ní 1865. Ó gba ẹ̀mí là, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìṣirò owó mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀: ó kó gbèsè kúrò lójú ewé kan, ó gbé e sí ojú ewé mìíràn. Láti Crossness, wọ́n kàn ń da ẹ̀gbin náà sínú odò nígbà tí omi bá ń fà lọ sí òkun ni. Nígbà tí ọkọ̀ Princess Alice rì lẹ́bàá Woolwich ní oṣù kẹsàn-án 1878, inú ẹ̀gbin yẹn ni àwọn èrò bọ́ sí. Èyí tó ju 600 kú.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀gbin náà lọ dà sínú òkun, láti 1887 títí di 1998. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 111. Ní 1998, púpọ̀ nínú àwa tó jókòó síbí ti dé London.

Ní 1957, àwọn onímọ̀ Natural History Museum kéde pé odò Thames ti kú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ̀gbin ti lo gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi tán. Ohun tó jí i dìde ni owó àti òfin: wọ́n tún ilé iṣẹ́ tó ń fọ ẹ̀gbin mọ́ ní Beckton àti Crossness kọ́, wọ́n sì fi òfin ká àwọn ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ kò. Ní 1974 wọ́n rí ẹja salmon kan níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 100. Ìròyìn tí ẹgbẹ́ ZSL gbé jáde ní 2021 sọ pé irú ẹja 115 ló wà nínú odò náà. Ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní seal sì wà ní ẹnu odò rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní oṣù kìíní 2006 àbùùbùtán kan ṣìnà wọ àárín ìlú. Àwọn ènìyàn tò sórí afárá láti wò ó, wọ́n sì gbìyànjú láti gbé e padà sí òkun, àmọ́ ó kú. Ìlú kan náà tó ń se ọ̀rá irú rẹ̀ nínú ìkòkò ló ń sunkún rẹ̀.

Èyí ló mú kí n máa bá àwọn tó ní ọ̀sà Èkó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe jiyàn. Lóòótọ́, náílọ̀nù piọ́ wọ́tà wà níbẹ̀, ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun tí ayùn ń rẹ́ jáde lára igi ní Òkò Bàbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Thames 1858 kò sàn jù ú lọ. Ní oṣù kìíní 2024 ìjọba Èkó kéde pé òun fòfin de abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Odò kékeré kan wà tó ń jẹ́ Peck. Láti One Tree Hill ló ti ń ṣàn, ẹ ó sì rí díẹ̀ nínú rẹ̀ nínú ọgbà Peckham Rye. Àwa Yorùbá ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ. Peck kò gbàgbé orísun tirẹ̀. Àwọn ará ìlú ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 1823. Nínú kòtò Bazalgette, omi òjò àti ẹ̀gbin jọ ń rìn ni, tí òjò bá pọ̀, kòtò á kún, á sì dà sínú Thames. Nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 39 ló ń dà bẹ́ẹ̀ lọ́dún, kí wọ́n tó so kòtò ńlá Tideway, tó gùn ní kìlómítà 25, pọ̀ tán ní oṣù kejì 2025. Owó rẹ̀ wà nínú owó omi tí à ń san.

Kòtò tuntun náà kò lè gbé epo dídì. Ní 2017 wọ́n rí òkìtì ọ̀rá àti aṣọ ìnudí ọmọ kan lábẹ́ Whitechapel tó wọn tọ́ọ̀nù 130. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, lẹ́yìn tí mo bá dín dòdò tán, inú síńkì ni mo ń da epo sí, mo sì ń da omi gbígbóná lé e, mo rò pé mo gbọ́n. Púlọ́ńbà ló là mí lójú, pẹ̀lú ìwé owó tí mi ò lè gbàgbé.

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ dín àkàrà àti pọfùpọ́ọ̀fù tòní, ẹ ṣeun, ọwọ́ yín ò ní ṣá. Mo ti to agolo òfìfo mẹ́fà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná gbọ̀ngàn yìí. Tí epo bá ti tutù, inú wọn ni kẹ́ ẹ dà á sí. Màá bá yín gbé e dà nù.