Ta Ni Owó Ilé Yóò Bọ́ Sí Lọ́wọ́? Àtúnlò Ilé Àgùdà ní Erékùṣù Èkó

Àwọn tó ń kọ́lé tà ní Èkó máa ń polówó ilé tí ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ibùgbé jọ wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àdúgbò Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil, tí wọ́n sì padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí òwò ń lọ nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹbí ń gbé lókè. Pé ilé àtijọ́ lè gba iṣẹ́ púpọ̀ kò nílò àríyànjiyàn mọ́. Ẹni tí owó ilé náà yóò máa bọ́ sí lọ́wọ́ ni àríyànjiyàn kù sí.

Ẹ wo Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Gbàgede Tinúbú. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní 1855, ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ariwo ta. Èmi ò gbè sẹ́yìn ẹni tó wó o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin ní kí onílé má fọwọ́ kan irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń gbówó lérí, ilé fúnra rẹ̀ ń gbó. Oyè ohun ìrántí kì í ra sìmẹ́ǹtì.

Àwọn kan yóò fi Freedom Park dá mi lóhùn: ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street àtijọ́ tí Theo Lawson yàwòrán àtúnṣe rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn kọ́ ti di orí ìtàgé. Wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo gbà. Àmọ́ ilẹ̀ ìjọba ni. Kò sí àrólé kankan tó ń retí ìpín tirẹ̀.

Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, níbi tí ọ̀pọ̀ Àgùdà ti wá, ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. UNESCO kà á kún ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1985. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ní 1992, wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, lówó táṣẹ́rẹ́, wọ́n ní kí wọ́n kó jáde. Ilé dára lójú arìnrìn-àjò. Ẹni tó ń sùn lókè ti lọ.

Ọ̀nà kan wà tí New York ti ń tọ̀ láti 1968: ẹni tó bá ní ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò lè ta ẹ̀tọ́ àtikọ́lé sókè tí kò lò fún onílẹ̀ ìtòsí tó fẹ́ kọ́lé gogoro. Ilé wà níbẹ̀, owó dé ọwọ́ onílé. Ní Tinúbú, tí ilé gogoro yí ká, irú owó bẹ́ẹ̀ ì bá tún òrùlé ṣe, kí owó ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ sì máa bọ́ ẹbí.

Ìdènà tó le jù fún irú ètò yìí wà nínú ẹbí fúnra rẹ̀. Dúkìá ìdílé kì í ṣeé tà láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdí igi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ tó wà ní London lè máà gbọ́ títí ilé náà yóò fi di wíwó palẹ̀. Kí ẹbí fi ilé sábẹ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ìpín oníkálukú wà nínú ìwé, kí ó tó di pé agbaṣẹ́ṣe kankan tẹ ilẹ̀ náà.