Ibà Pọ́njú ní Yàrá Àyẹ̀wò

Ojú ni àwọn baba wa fi ń mọ àìsàn, ohun tí ojú wọn rí náà ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀: ojú aláìsàn pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ náà pọ́n, ó parí. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè fẹ́ràn orúkọ yìí, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ ti fara balẹ̀ wo aláìsàn dáadáa. (Mo tilẹ̀ ń rò ó pé inú irú ojú pípọ́n bẹ́ẹ̀ ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà, ìpọ́njú, jáde, ẹ̀yin olùkọ́ wa ni yóò sọ bóyá mo ṣìnà.) Ṣùgbọ́n àléébù kan wà níbẹ̀. Kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo ní ń mú ojú pọ́n. Àrùn ẹ̀dọ̀ lè mú un pọ́n. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà lójoojúmọ́, bí ó bá le, lè mú un pọ́n. Àrùn kan sì wà tí ènìyàn ń kó lára ìtọ̀ eku, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ṣe. Bí ojú bá rúni lójú báyìí, ta ni yóò dá ẹjọ́? Yàrá àyẹ̀wò ni ó dá a, Yábàá ní Èkó sì wà lára ibi tí a ti dá a.

Láti 1900 ni Walter Reed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Kúbà pé ẹ̀fọn ní ń gbé ibà náà kiri, gẹ́gẹ́ bí Carlos Finlay ti wí ṣáájú wọn. Kí ni ẹ̀fọn náà ń gbé? Ní 1919, Hideyo Noguchi, ọmọ Jàpáàn tí ń ṣiṣẹ́ ní New York, kéde pé òun ti rí i: kòkòrò kan tí ó lọ́ bí okùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, a tilẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára láti ara rẹ̀.

Ní 1925, àjọ Rockefeller rán àwọn oníṣègùn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Henry Beeuwkes ni olórí wọn. Wọ́n wá kòkòrò Noguchi nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn títí, wọn kò rí i. Wọ́n gún oríṣìíríṣìí ẹranko ní ẹ̀jẹ̀ náà. Kò sí èyí tí ó ṣàìsàn. Àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ wa pàápàá kò kà á sí, nítorí wọ́n ti bá àrùn náà gbé pẹ́. Nígbà náà ni wọ́n ra ọ̀bọ Íńdíà, tí kò mọ àrùn yìí rí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí ó di apá kan Gánà lónìí. Asibi ni orúkọ rẹ̀. Ibà rẹ̀ kò le púpọ̀, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ Íńdíà tí a fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gún kú. Nígbà tí a la ọ̀bọ náà, tí a gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ tí a sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, bákan náà ni ó rí pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ ẹni tí ibà pọ́njú pa. Adrian Stokes, ọ̀jọ̀gbọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú Bauer àti Hudson, wá fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré jọjọ sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, irú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá. Èyí tí ó kán sílẹ̀ ṣì ń pa ọ̀bọ. Kì í ṣe kòkòrò Noguchi nìyẹn o. Fáírọ́ọ̀sì ni, tí maikirosíkóòpù ìgbà náà kò lè rí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ibà mú Stokes fúnra rẹ̀ ní Èkó. Lórí ibùsùn rẹ̀ ni ó ti ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n fi gún ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ún, bí òun bá sì kú, kí wọ́n la òkú òun wò. Ó kú ní ọjọ́ 19. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí ó wí, ọ̀bọ náà ṣàìsàn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì jẹ́rìí. Mo ti ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò tíì mọ bí mo ṣe lè kà á láìdúró.

Àwọn kan ń fi Noguchi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní, èmi kò sí lára wọn. Nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn náà, kò jókòó sí New York kí ó máa bá wọn jiyàn. Ó wá sí Accra láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ibẹ̀ ni ibà náà pa á sí ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, 1928. William Young, tí ó gbà á sí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ níbẹ̀, kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí òun náà fi kú.

Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ibà náà tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ojú ọmọdébìnrin kan ni a kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ìgbà tí yàrá àyẹ̀wò ní Dakar yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni a tó fọwọ́ sí i pé òun ni.

Asibi ńkọ́? Nínú àwọn ìwé tí mo rí, ọjọ́ orí rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀; ohùn rẹ̀ ni n kò rí. Láti ara fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, tí Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ń gún wa kí wọ́n tó fún wa ní káàdì aláwọ̀ òféèfèé tí a ń mú lọ sí òkè òkun.