Ìrìn àjò síbi tí wọ́n ti ya fíìmù

Èyí ni kí amọ̀nà mú àlejò fẹsẹ̀ rìn kiri ibi tí wọ́n ti ya fíìmù tàbí eré orí tẹlifíṣọ̀n. Ní Dubrovnik, nílẹ̀ Croatia, odi ìlú àtijọ́ tó hàn nínú eré tẹlifíṣọ̀n Game of Thrones ni èrò ń wọ́ lọ wò.

Nílẹ̀ Yorùbá, KAP Film Village ní Ìgbòjàyè, ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló sún mọ́ irú rẹ̀ jù. Kúnlé Afọláyan, olùdarí fíìmù, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Lọ́ọ̀fù, ló dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya Aníkúlápó, tó jáde lórí Netflix lóṣù Kẹsàn-án 2022. Eré àtìgbàdégbà tó tẹ̀lé e jáde lóṣù Kẹta 2024. Ilé amọ̀ àti ààfin tó wà níbẹ̀, fíìmù ni wọ́n kọ́ wọn fún. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wuyì ni, àmọ́ kí àlejò má pè é ní ààfin Ọ̀yọ́ gidi. Yàrá ìsùn wà fún ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú.

Ará Ìlaròó tàbí Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Ògùn lè gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìsẹ́yìn, ìlú aṣọ òkè, kó tó dé ibẹ̀. Ahunṣọ náà ni Sàró, olú ẹ̀dá ìtàn inú fíìmù Aníkúlápó.