Ihò Eléérú: Ipa Ìtàn Agbègbè Ìsàrun nínú Òye Ìtàn Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà
Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìtàn Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ sí. Àfikún lásán ni wọ́n máa ń ka ìtàn àwọn ìlú kéékèèké sí. Àpilẹ̀kọ yìí tako irú èrò bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ tí yóò gbé yẹ̀ wò ni ihò àpáta kan tó wà nítòsí Ìsàrun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ohun tí wọ́n hú jáde
Lọ́dún 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn, darí iṣẹ́ ìwalẹ̀ nínú ihò náà. Ohun èlò olókùúta tí wọ́n hú jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Wọ́n tún bá egungun ènìyàn kan nísàlẹ̀. Àyẹ̀wò èédú tí wọ́n rí nítòsí rẹ̀ fi hàn pé ó ti lé ní 11,000 ọdún. Ó wà lára àwọn egungun ènìyàn tí ó pẹ́ jùlọ tí ọwọ́ tíì tẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Lọ́dún 2011, Katerina Harvati àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí Caleb Folorunso ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, tún agbárí náà yẹ̀ wò. Wọ́n fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Síbẹ̀, ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tó gbé ayé ṣáájú ìgbà náà gan-an. Ó wá hàn pé ìtàn ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn ní Áfíríkà díjú ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ.

Ẹ̀rí tó wà nínú orúkọ
Ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ ibẹ̀ fi wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí 'Iwo Eleru', láìsí àmì ohùn. Ẹni tó bá kà á lè pè é ní ẹlẹ́rú tàbí ẹlẹ́rù. Ihò Eléérú ni, ìyẹn ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Ẹnu àìpẹ́ yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣe àtúnṣe sí orúkọ náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a feérú bojú. Orúkọ tí àwọn ará àdúgbò fún ihò náà ti ń tọ́ka sí i pé àwọn ènìyàn ti dáná níbẹ̀ rí, bí a kò tilẹ̀ walẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìtàn
Nínú ìwé Samuel Johnson tó jáde lọ́dún 1921, Mẹ́kà ni wọ́n ti ní àwọn Yorùbá ṣẹ̀ wá. Ihò Eléérú kò sọ pé ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Egungun kì í sọ èdè. Ohun tó fi hàn ni pé ilẹ̀ yìí kò ṣófo. Ìtàn Odùduwà dá lórí ìṣẹ̀dálẹ̀ oyè àti ìjọba. Ìtàn bí ènìyàn ṣe kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí dó yàtọ̀ sí i, ó sì jìnnà sẹ́yìn jù ú lọ.

Ìkádìí
Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba orúkọ òkè, odò àti ihò tó wà ní agbègbè wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i. Bí orúkọ bá ti dàrú, ìtàn inú rẹ̀ náà a sọnù.