Nígbà tí lp1 di lp0: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú kernel Linux 2.2

Oṣù Kìíní ọdún 1999 ni kernel Linux 2.2 jáde. Kò pẹ́ tí àwọn kan tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lábẹ́ 2.0 kò dáhùn mọ́. Wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí /dev/lp1, kernel ní kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Wáyà ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń fura sí. Wáyà kọ́. Orúkọ ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1981, IBM ṣe káàdì kan fún PC rẹ̀ àkọ́kọ́, tó ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí. Àdírẹ́sì ihò yẹn ni 0x3bc. Àwọn káàdì mìíràn lo 0x378 tàbí 0x278. Linux wá so orúkọ mọ́ àdírẹ́sì: 0x3bc ni lp0, 0x378 ni lp1, 0x278 ni lp2. 0x378 ló sì wọ́pọ̀ jù, nítorí náà lp1 nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, bíi Kẹ́hìndé tí ẹnikẹ́ni ò rí Táyé rẹ̀ rí.

Kí ló wá fa ìyípadà? Ihò kan ṣoṣo, àwọn tó ń jà sí i pọ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Zip ti Iomega, àti PLIP tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀. Ní ayé 2.0, bí lp bá ti gba ihò, kì í fi sílẹ̀. Àfi kí ẹ yọ ọ́ kúrò kí Zip tó lè wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá parport sílẹ̀, kó máa pín ihò náà fún wọn. Lábẹ́ parport, ihò tó bá kọ́kọ́ rí ni lp0, àdírẹ́sì yòówù kó ní.

Wàhálà kò tán síbẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ kernel fúnra rẹ̀. Abẹ́ General setup ni ìbéèrè parport wà. Ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lábẹ́ Character devices, kò sì ní yọjú bí ẹ kò bá gba parport ṣáájú. Ẹni tó bá sáré kọjá á kọ́ kernel tí kò mọ ìtẹ̀wé rárá! Parport nìkan kò sì tó: parport_pc ló mọ ihò PC gan-an. Bó bá jẹ́ module, àfi kí ìlà yìí wà nínú /etc/conf.modules:

alias parport_lowlevel parport_pc

Dmesg ló ń là á. Bí ẹ bá rí “lp0: using parport0” níbẹ̀, ara kernel yá, ẹ lọ yí lp1 sí lp0 nínú /etc/printcap. Bí kò bá sí, ẹ padà sídìí parport.

Lójú tèmi, parport tọ́ púpọ̀. Ti nọ́ńbà yẹn ni mi ò lè gbóríyìn fún. Ó kúkú wà nínú ìwé Changes tó bá kernel wá, àmọ́ ta ló ń ka ìyẹn nígbà tí ọ̀gá ń dúró de lẹ́tà? Ìlà kan péré nígbà tí kernel ń jí, pé lp1 àná ni lp0 òní, ì bá ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tú u palẹ̀.