Nígbà tí Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Ilẹ̀ Nàìjíríà yìí ló ti ṣẹlẹ̀, ojú àwọn baba ńlá wa ló sì ṣe. Ìgbà kan wà tí wágọ́ọ̀nù tó gbéra ní Port Harcourt á dé etí odò, tí ọ̀nà á pin mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọn á tú u kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, omi á sì gbé e kọjá bí ìyá ṣe ń pọnmọ.

Port Harcourt fúnra rẹ̀, irin ló bí i. Ní 1909, fàdákà ni Albert Kitson, onímọ̀ nípa ilẹ̀, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń wá kiri agbègbè Udi. Èédú ni wọ́n bá. Èédú rẹpẹtẹ, nínú ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun! Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ń wá ibi tí omi ti jìn tó kí ọkọ̀ òkun ńlá lè gúnlẹ̀. Odò Bonny ni wọ́n ti rí i, lórí ilẹ̀ àwọn Ikwerre, ibi tí wọ́n ń pè ní Igwe Ocha. Ní 1913, Lugard, gómìnà Nàìjíríà nígbà náà, fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, sọ ibẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti etí omi lọ. Nígbà tó fi máa di 1916, ó ti dé Enúgu, ibi tí èédú náà wà, ó lé ní 150 máìlì, nínú igbó dídí àti àbàtà.

Irin ò sinmi. Ó ń lọ sí Òkè Ọya. Ní 1924 ó dé Makurdi, ó bá Bẹ́núé lójú ọ̀nà.

Bẹ́núé kì í ṣe odò tí èèyàn ń rí fín! Láti orí òkè Adamawa ní Kamẹrúùnù ló ti ń ṣàn bọ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn á yọ láàárín rẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó pé, omi òjò á ti kún un dẹ́nu, á sì máa gbé igi lọ. Afárá irin kò ṣeé nà sórí irú omi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ẹrù ò lè dúró de afárá. Ni wọ́n bá to irin sínú fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ẹrù sọdá odò.

Ẹ jẹ́ ká súnmọ́ iṣẹ́ náà wò, torí bákan náà ni wọ́n ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, látìgbà tí ọkọ̀ Leviathan ti kọ́kọ́ ń gbé wágọ́ọ̀nù sọdá ẹnu omi Forth ní Scotland ní 1850. Afárá kékeré kan wà létí omi tó ń bá omi gòkè, tó sì ń bá omi sọ̀. Irin orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé irin inú fẹ́rì gẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ yẹ̀ra fúnra wọn, táyà irin á yọ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì á ti wágọ́ọ̀nù láti ẹ̀yìn, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́. Bí èyí bá lọ sápá ọ̀tún, òmíràn ní láti lọ sápá òsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dojú dé. Wọn á fi igi há ẹsẹ̀ wágọ́ọ̀nù, wọn á fi ṣéènì dè é mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó tì í á dúró lẹ́yìn. Ní òdìkejì odò, òmíràn á ti máa dúró láti fà á jáde. Lẹ́yìn náà, wọn á tún gbogbo rẹ̀ so, ọkọ̀ á tún fọn fèrè.

Makurdi kọ́ ni àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Irin tó ti Èkó lọ, tó gba Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ìlọrin, dé Jẹ́bà ní 1909, ó bá Odò Ọya, odò tí erékùṣù pín sí méjì níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn, ẹ ronú sí i: Ògún oníirin, ọkọ Ọya àárọ̀, tún padà wá dé ẹnu ọ̀nà obìnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ tó bá Ṣàngó lọ! Ó sì ní láti tọrọ ọ̀nà. Fẹ́rì ni wọ́n fi ń sọdá níbẹ̀ títí afárá fi parí ní 1916.

Ti Makurdi gba ọdún mẹ́jọ. Kí 1927 tó parí, irin ti gba òdìkejì odò dé Kàdúná, ó sì ti ya sí Jos. Ẹ fojú inú wo ohun tó ń kọjá lórí omi yẹn: èédú Enúgu tí ẹ́ńjìnnì Òkè Ọya máa jẹ, tíìnì Jos tó ń lọ sí Port Harcourt láti wọ ọkọ̀ òkun. Ọwọ́ èèyàn ló ń tú u, ọwọ́ èèyàn ló ń so ó, nínú oòrùn àti òjò. Ó ń dùn mí pé orúkọ Harcourt wà lára ìlú títí dòní, ti Lugard kún inú ìwé, àmọ́ àwọn tó há igi sẹ́sẹ̀ wágọ́ọ̀nù ò ní òpópónà kan tí wọ́n fi sọrí wọn. Bẹ́ẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣi ọwọ́, odindi wágọ́ọ̀nù èédú á di ti Bẹ́núé.

Ní 1932, afárá Makurdi parí, ó gùn tó nǹkan bí ìdajì máìlì. Ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò jọ ń gba orí rẹ̀ ni: bí rélùwéè bá ń bọ̀, mọ́tò á dúró kó kọjá. Láti ọdún yẹn, wágọ́ọ̀nù tó gbéra ní Port Harcourt lè dé Kàdúná láìtú u kúrò lára ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí omi, fẹ́rì sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.